Kí Ohùn Kejì Ní Ọ̀rọ̀ Tirẹ̀: Àjùmọ̀rìn Ohùn Nínú Orin àti Èdè Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akọrin, olùkọ́ àti ará ìlú ní Ayebode-Èkìtì



Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn onímọ̀ orin ń pè ní counterpoint, kí n sọ ohun tó jẹ́ àti ohun tó wúlò fún nínú orin àti nínú èdè. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí pé bí a bá dárúkọ nǹkan báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ ọ́gáànì àti ìwé orin. Ọ̀rọ̀ wa ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ohùn méjì lè rìn pọ̀ nínú orin Yorùbá láìjẹ́ pé ọ̀kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀, bí a bá fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó bá ìrìn rẹ̀ mu. Àwọn àgbà Èkìtì mọ èyí tipẹ́. Àwa ni a kò kọ́ ọ ní ilé-ìwé, tí a kò sì lò ó tó nínú ẹgbẹ́ akọrin wa.

Kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀?

Counterpoint ni kí ohùn méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀ tó lè dá dúró, kí gbogbo wọn sì bá ara wọn mu létí. Bí ẹ bá yọ ohùn kan sọ́tọ̀, ó yẹ kí ó ṣì jẹ́ orin gidi. Bí ẹ bá dá a padà sáàárín ìyókù, kò gbọdọ̀ ba tiwọn jẹ́. Èyí yàtọ̀ sí kí ẹnì kan máa kọrin kí àwọn tó kù kàn máa fi ohùn tì í lẹ́yìn. Láti ìsinsìnyí lọ, àjùmọ̀rìn ohùn ni n ó máa pè é.

Ní 1725, Johann Joseph Fux, ọ̀gá olórin láàfin ní ìlú Vienna, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gradus ad Parnassum. Ó kọ ọ́ bí ìtàkùrọ̀sọ láàárín olùkọ́ kan àti ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ náà á kọ ohùn kejì sí ẹ̀gbẹ́ orin tí olùkọ́ fún un, olùkọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, á tún un ṣe. Láti ara ìwé yìí ni àwọn olórin bíi Haydn ti kọ́ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé bí ohùn kan bá ń gòkè, ó dára kí èkejì máa wálẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ síbì kan náà nígbà gbogbo, ọ̀kan á gbé èkejì mì, a ò ní mọ̀ pé méjì ni wọ́n mọ́. Ní ayé Fux yìí kan náà, Johann Sebastian Bach ará Jámánì (1685–1750) gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dé rí. Nínú irú orin tí wọ́n ń pè ní fugue, ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin kúkúrú, ohùn kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ ń bá tirẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta á tún gbà á. Ìwé tó kọ lórí irú orin bẹ́ẹ̀, The Art of Fugue, kò tíì parí nígbà tó kú. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1751, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìmọ̀ràn Fux dára púpọ̀ fún àwọn èdè tí wọ́n ti ń lò ó. Látìn, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì kì í fi gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo gbólóhùn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin tí èdè wa fi lélẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà lápá ọ̀tún mi sọ pé: Ọkọ̀ wa dé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ àmì ohùn rẹ̀: re, dò, re, mí. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di orin, kò sí wàhálà, kí a kọ re-dò-re-mí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lẹ́nu. Ó dùn, ó sì yé ọmọdé.

Ó wá kan ẹ̀yin ọkùnrin lápá òsì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ kọ, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣe bí Fux ṣe wí: níbi tí àwọn obìnrin bá ti wálẹ̀, kí ẹ gòkè, níbi tí wọ́n bá ti gòkè, kí ẹ wálẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní tì tó wà lábẹ́ dò, ẹ gun dò, ẹ padà sí tì, ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí là. Tì-dò-tì-là. Kí gbogbo wa kọ ọ́ pọ̀.

Ẹ gbọ́ ọ? Létí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, orin dídùn ni. Létí tiwa, àwọn obìnrin ń kéde pé mọ́tò ti wọ ìlú, àwọn ọkùnrin ń kọrin ọkọ́, ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Ohùn wọn gòkè níbi tí ó yẹ kó wálẹ̀, ọkọ̀ sì di ọkọ́. Níparí, dé di dè. Wọ́n kò ṣi orin kọ rárá o. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣì sọ.

Ohun tó bá orin ìyìn wa gan-an nìyí nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn òyìnbó lórí. Bí ohùn kan ṣoṣo bá lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ohùn mẹ́rin á bà á jẹ́ lọ́nà mẹ́rin. Àwọn tó kọ́kọ́ dìde sí i kò jókòó máa ráhùn. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930) bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn orin ilé wa kọ orin ìjọ. Ní 1922, ó kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Thomas King Ekundayo Phillips (1884–1969), tó jẹ́ ọ̀gá orin àti atẹ-ọ́gáànì ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 sí 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ro ọ̀rọ̀ náà. Ní 1953 ó gbé ìwé rẹ̀ Yoruba Music jáde, níbi tó ti fi yé gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ àti orin ti di ọ̀kan lẹ́nu Yorùbá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kọ orin Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún lẹ́nu.

Ìbéèrè wá kù: bí ọ̀rọ̀ bá ni olórí orin, ṣé ohùn kan ṣoṣo ni Yorùbá lè máa kọ títí ayé? Rárá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn àgbà ṣe.

Ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn àgbà là sílẹ̀

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ohùn méjì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń dá àwa Èkìtì mọ̀. Ní apá Ọ̀yọ́, àwọn elégbè sábà máa ń para pọ̀ kọ ohùn kan náà. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, bí elégbè bá ti gbà á, ohùn á pín sí méjì fúnra rẹ̀, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ohùn kẹta. Kò sí ẹni tó pín wọn sí soprano àti alto. Ọmọbìnrin tó bá dúró ti ìyá rẹ̀ níbi ìnáwó ti mọ ibi tí ohùn rẹ̀ á bọ́ sí. J. H. Kwabena Nketia, àgbà onímọ̀ orin ará Ghana, dárúkọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nínú ìwé rẹ̀ The Music of Africa ní 1974, láàárín àwọn èèyàn Áfíríkà tó ń kọrin ní ohùn kẹta báyìí. I. K. Dairo (1930–1996), ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, gbé orin àti ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀ wọ inú jùjú, ẹni tó bá sì gbọ́ àwọn elégbè rẹ̀ á gbọ́ ohùn ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá níbẹ̀.

Ẹ padà sí ọkọ̀ wa. Kí àwọn obìnrin kọ re-dò-re-mí, kí àwọn ọkùnrin kọ tì-là-tì-dò nísàlẹ̀ wọn. Ibi tí ọ̀kan ti wálẹ̀ ni èkejì ti wálẹ̀, ibi tí ọ̀kan ti gòkè ni èkejì ti gòkè. Ọkọ̀ ni gbogbo wa ń sọ. Fux á ní a kò rìn lódìkejì ara wa. A ó dá a lóhùn pé èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà la jọ ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ orin tó wà níbí á ní ohùn kejì yìí kò dá dúró, pé òjìji àkọ́kọ́ ni. Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn àgbà dúró sí, n kì bá tí lè pè é ní àjùmọ̀rìn ohùn. Wọn kò dúró síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ohùn má bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Adárin á dá orin, elégbè á gbè é. Ẹni tí kò fi ara balẹ̀ á rò pé bí ọ̀kan bá dákẹ́ ni èkejì ń sọ. Ẹ lọ tẹ́tí sí àwọn ìyá wa nígbà tí orin bá gbóná níbi òkú àgbà. Adárin kì í dúró kí elégbè parí. Ó ti wọlé lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́nu wọn, àwọn náà sì ti gbà á kí ó tó dé ìparí tirẹ̀. Ní àwọn ibi tí ohùn ti lé ara wọn lórí yìí, ohùn méjì gidi ló ń rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń lọ.

Ẹ dán an wò. Obìnrin, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá kan "wa", kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ "Ọkọ̀ wa dé" tiyín, ní ohùn kan náà gan-an. Nígbà tí àwọn obìnrin bá ń gòkè láti "wa" lọ sí "dé", ẹ̀yin ń wálẹ̀ lórí "ọkọ̀". A pàdé lórí re, a sì pínyà, ọ̀kan lọ sí mí, èkejì lọ sí dò. Ohùn kan gòkè, ohùn kan wálẹ̀, bí Fux ṣe fẹ́, kò sì sí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ìyàtọ̀ àsìkò ló gbà wá. Gbogbo ọgbọ́n fugue ti Bach dúró lórí irú wíwọlé tẹ̀léra báyìí, àwọn ìyá wa sì ń ṣe é láìní ìwé lọ́wọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí ohùn kan di ọ̀rọ̀ mú, kí àwọn tó kù má sọ ọ̀rọ̀ rárá. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti àwọn omele yòókù ní ẹsẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀. Nítorí pé wọn kò di ọ̀rọ̀ mú, wọ́n lè lódì sí ìyáàlù bí wọ́n ṣe fẹ́, wọn kò ní sọ ọkọ̀ di ọkọ́. Nínú bàtá, ọgbọ́n náà tún jinlẹ̀ sí i, nítorí ìyáàlù àti omele abo lè pín gbólóhùn kan láàárín ara wọn, kí èyí mú díẹ̀, kí ìyẹn mú díẹ̀, kí etí wa sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wo àpíìrì tiwa náà, bí igbá oníṣẹ́ṣẹ́ àti agogo ṣe ń bá ara wọn lọ lábẹ́ orin, tí kálukú ń ṣe tirẹ̀, tí ijó kò sì yẹ̀. Tony Allen (1940–2020), tó lu ìlù fún Fela Kuti, mú ọgbọ́n yìí wọ inú dírọ́ọ̀mù: ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tirẹ̀ láti sọ. King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, to gìtá rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí gìtá kan kì í ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ẹ ó rí i pé kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn Aka, èèyàn inú igbó ní Central African Republic, wà lára àwọn tí ayé gbà pé wọ́n mọ orin olóhùn púpọ̀ jù. UNESCO kéde orin wọn bí ogún aráyé ní 2003. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú orin wọn, fáwẹ́lì àti híhó ohùn láti ìsàlẹ̀ sókè ló pọ̀ jù, ìyẹn ni ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe lè rìn bó ṣe wù ú.

Ọ̀nà kẹrin ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun ni ọ̀nà tó kù fún wa láti fẹ̀ sí i. Ìyẹn ni kí ohùn kejì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin wa, ègbè kì í tún ọ̀rọ̀ adárin sọ. Adárin ń ki ẹni tó wọlé, ó ń ròyìn, ó ń gbàdúrà, ègbè sì di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú tí kì í yí padà. Nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀, àmì ohùn wọn yàtọ̀, ìrìn wọn náà sì lè yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orin tó bàjẹ́ mọ́ àwọn ọkùnrin lọ́wọ́, tì-dò-tì-là. Orin náà kò lẹ́bi kankan. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn la gbé rù ú. Ọ̀rọ̀ wo ní Yorùbá ló ní ohùn àárín, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, tó sì bá ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mu? Ẹ gbọ́: Ẹ gbé e sọ̀. Obìnrin á kọ pé "Ọkọ̀ wa dé", ọkùnrin á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé "Ẹ gbé e sọ̀", ẹ gbé ẹrù inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jọ kọ ọ́. Níbi tí ohùn òkè ti wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ gòkè, wọ́n pàdé lórí dò, wọ́n tún pínyà títí tí ọ̀kan fi dúró lórí mí tí èkejì dúró lórí là. Olùkọ́ tó ń bẹ nínú ìwé Fux á gbà pé ohùn méjèèjì rìn lódìkejì ara wọn. Ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ méjèèjì. Orin tí ó kọ́kọ́ dà bí ìṣìnà ti di òdodo, nígbà tó rí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀.

Nínú èdè fúnra rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orin nìkan ni èyí wà fún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ Features of Yorùbá Oral Poetry ní 1984, fi hàn pé akéwì ilẹ̀ wa máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn kan dojú kọ òmíràn. Yóò to gbólóhùn méjì tó jọra, ṣùgbọ́n níbi tí etí ti ń retí ohùn kan náà, yóò fi òmíràn síbẹ̀.

Ẹ mú òwe tí gbogbo wa mọ̀: Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ pè é díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé dojú kọ àgbàlagbà. "Kò tó" dojú kọ "kò wọ". Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ìparí. "Pẹpẹ" dúró lórí re-re, ohùn àárín, a ò tíì balẹ̀, etí ṣì ń retí nǹkan. "Kèrègbè" wá balẹ̀ sórí dò-dò-dò. Pẹpẹ tó wà lókè ara ògiri ní ohùn tó ga, kèrègbè tí ọwọ́ ń wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ohùn tó wálẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà, tí ẹ fi ti àgbàlagbà ṣíwájú, ìtumọ̀ á wà, ṣùgbọ́n òwe náà á dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ohùn méjèèjì ló gbé e dúró, bí ọmọdé àti àgbà inú rẹ̀ ṣe gbé ara wọn.

Àwọn àgbà tún máa ń fi òwe kojú òwe. Níbi ìpàdé, ẹnì kan á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Kí ó tó jókòó, òmíràn á ní, "Àìtètè mólè, olè ń mólóko." Òwe kan ní kí a rọra, èkejì ní kí a yára. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó máa pa ọ̀kan rẹ́ nínú èdè wa nítorí èkejì. Ìpàdé tó gbọ́n ni èyí tó gbọ́ méjèèjì kó tó pinnu. Bí àwọn babaláwo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ náà, ẹni tó ń sun ún kì í dá nìkan wà. Àwọn tó jókòó tì í ń fi ohùn jẹ́rìí sí i bó ṣe ń lọ, bó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á dá a dúró. Ohùn kejì yẹn ló ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kí ó má sọnù.

Àwọn tó ti gbìyànjú

Àwọn olórin wa tó kàwé kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fela Sowande (1905–1987), ọ̀kan nínú àwọn tó ti ọwọ́ Phillips jáde, kọ African Suite ní 1944, ó sì kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Ó gbé ohùn orin Yorùbá lé ọ́gáànì, nínú àwọn orin bíi Oyigiyigi. Ọ́gáànì kò ní ẹnu, ìyẹn ni ohùn ibẹ̀ ṣe lè rìn lódìkejì láìba ọ̀rọ̀ jẹ́. Síbẹ̀, bí ọmọ Yorùbá bá mọ orin náà, ọkàn rẹ̀ á máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un bí ọ́gáànì ṣe ń dún. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) kọ Toccata and Fugue fún ọ́gáànì ní 1960, ó sì fi Yorùbá kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin. Akin Euba (1935–2020) gba ọ̀nà míràn: ó ní kí dùùrù òyìnbó máa sọ̀rọ̀ bí ìlù Áfíríkà, bó ṣe ṣe nínú Scenes from Traditional Life ní 1970. Nígbà tó sì di 1990, ó gbé ìwé ńlá jáde lórí ìlù dùndún, tó fi hàn bí omele àti ìyáàlù ṣe ń pín iṣẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé gbogbo wọn padà sílé kí iṣẹ́ wọn tó jinlẹ̀. Wọ́n mọ Bach dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe Bach ló kọ́ wọn bí ohùn Yorùbá ṣe ń rìn. Àwa tí a wà ní àríwá Èkìtì kò ní láti rin ìrìn-àjò kankan kí a tó dé ilé yẹn. Ó kàn yẹ kí a ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ni.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí a ṣe

Èkíní, ẹ̀yin ọ̀gá akọrin. Kí ẹ tó fi alto, tenor àti bass kún orin Yorùbá, ẹ mú ohùn kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹni tí kò mọ orin náà rí, kí ẹ sì bi í pé kí lo gbọ́? Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ má sọ fún un pé orin ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lo ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí: ẹ jẹ́ kí ohùn náà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, tàbí kí ó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ó má sọ ọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un.

Èkejì, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ̀kọ́ àmì ohùn àti ẹ̀kọ́ orin wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín. Ẹ so wọ́n pọ̀. Ọmọ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń di ọkọ́ nínú orin kò ní gbàgbé ibi tí àmì máa wà láéláé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, tó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń dárin, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ gba adárin lọ́tọ̀, ẹ gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti elégbè lọ́tọ̀, kí ẹ tún gba gbogbo wọn pọ̀, kí ẹni tó bá máa kọ́ ọ lọ́la lè gbọ́ ohun tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí ìyá ṣe pè é. Bó bá pe ulé, ẹ má sọ ọ́ di ilé. Lórí ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni wọ́n ti gé orin náà, bí a bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ti ìwé, ó lè má bá a mu mọ́.

Ẹ̀kẹrin, gbogbo wa. Kí ẹgbẹ́ akọrin kọ̀ọ̀kan ní agbègbè yìí kọ orin tuntun kan lọ́dọọdún, kí ohùn kejì inú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó le, mo mọ̀. Ẹ ó wá ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ lódì sí ti àkọ́kọ́, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì gbè é. Ẹ ó jí òwe, ẹ ó jí oríkì, ẹ ó jí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti gbàgbé, torí pé ohùn tí ẹ ń wá lè wà lára wọn. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó dára tó èyí láti kọ́ èdè ẹni ní àkọ́tún.

Ní ìpàdé akọrin yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orin kankan, ẹ yíjú sí ohùn kejì, kí ẹ bi í pé: ọ̀rọ̀ wo ni ìwọ ń sọ? Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti wá ọ̀rọ̀ fún un, a sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.